Ikú tí à ń kú lálaalẹ́

Nínú àwọn àdúà tí wọ́n kọ́kọ́ há sí wa lórí ní ilé kéwú, èyí tí à ń ṣe ká tó sùn wà níbẹ̀: Ọlọ́hun, orúkọ Rẹ ni mo fi ń kú, òun ni mo sì fi ń yè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó dúpẹ́ fún Ẹni tó jí wa lẹ́yìn tó ti pa wá. Súratu Sumar nínú Kùránì, ẹsẹ 42, sọ bó ṣe rí: Ọlọ́hun a máa gba ẹ̀mí nígbà ikú, a sì máa gba ti ẹni tó sùn; a dá èyí tí ikú ti kàn dúró, a dá ìyókù padà di àkókò tó ti yàn.

Rumi ni mo ń kà láti àárọ̀, akéwì èdè Páṣíà tó kú sí Konya, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, ọdún 1273. Òru ìgbéyàwó ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń pe òru tó kú, títí dòní. Nínú ewì rẹ̀ kan, ó ní bí wọ́n bá ń gbé pósí òun lọ, kí wọ́n má sunkún ìpínyà, torí ọjọ́ ìpàdé ni. Sàréè, aṣọ ìkélé lásán ni, Àlùjánnà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá béèrè pé: hóró wo ló wọ ilẹ̀ tí kò hù?

Mo fẹ́ràn ewì yìí gidigidi, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mọ̀ pé hóró mìíràn kì í hù. Ìdí nìyẹn tí ìrun òkú fi wọ̀ mí lára jù ú lọ. Kò sí rúkúù, ìyẹn ìtẹ̀ba, kò sí ìforíkanlẹ̀. Ìdúró ni a ń kí i, kábárà mẹ́rin, ìyẹn kíké Allāhu Akbar lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn ìkẹta la ń bẹ̀bẹ̀: foríjì í, kẹ́ ẹ, fẹ ibùwọlé rẹ̀, fi omi àti yìnyín wẹ̀ ẹ́, fọ̀ ọ́ mọ́ kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ bí a ti ń fọ ìdọ̀tí kúrò lára aṣọ funfun, fún un ní ilé tó dára ju ilé rẹ̀ lọ. Ọkàn akéwì ti balẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tí a gbé síwájú wa kò lè bẹ ẹ̀bẹ̀ kankan fún ara rẹ̀ mọ́, àwa la kù fún un. Ó máa ń dùn mí wọra bí lèmọ́mù bá sáré dé kábárà kẹrin, tí a kò tíì dé ibi aṣọ funfun yẹn.