Ohun tí ẹ̀rọ tó ń bó ẹ̀gẹ́ kọ́ mi nípa pátẹ́ǹtì

Ẹni tó bá ti gba pátẹ́ǹtì rí ní Nàìjíríà, ìyẹn ìwé ìjọba tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn lo ohun tí èèyàn hùmọ̀ láìgbàṣẹ, á sọ fún yín pé kò fi bẹ́ẹ̀ le. Òótọ́ ni, ohun tó sì ń kọ mí lóminú nìyẹn. Òfin wa ti ọdún 1970 kò ní kí ọ́fíìsì tó wà ní Àbújá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí ẹ hùmọ̀ jẹ́ tuntun. Bí ìwé bá pé, tí ẹ sì ti sanwó, wọ́n á fún yín ní sàtífíkéètì. Òfin náà là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó gbà á ló ru ewu rẹ̀, pé ìjọba ò ṣe onídùúró fún un. Ó lè wà lára ògiri yín fún ọdún mẹ́wàá kí ẹnì kan tó fi hàn yín ní kóòtù pé òfo ni.

Nígbà tí èmi àti ẹnì kejì mi parí ẹ̀rọ wa, àwa fúnra wa la ṣe ìwádìí yẹn, lórí Google Patents àti Espacenet, ìkànnì méjì téèyàn ti lè wá pátẹ́ǹtì àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ̀rọ tó ń bó ẹ̀gẹ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́! Nígbà tí a yọ gbogbo ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe kúrò, ohun kan ṣoṣo ló kù tó jẹ́ tiwa: bí búrọ́ọ̀ṣì tí spring gbé dúró ṣe ń fà sẹ́yìn níbi tí ẹ̀gẹ́ bá ti wú tàbí tó wọ́, kó má baà bó ẹran mọ́ èèpo.

Lọ́yà wa, màmá kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò tiẹ̀ bèèrè bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Bí ẹ̀yin bá fẹ́ jí i, báwo lẹ ṣe máa ṣe é?" Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá wẹ́dà wa, tó ti fọwọ́ sí ìwé pé òun ò ní tú àṣírí. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: "Ọ̀gá, mi ò ní ra spring. Túbù ọkọ̀ ni màá gé, màá fi dè é." Ó sì máa ṣiṣẹ́!

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyẹn. Àlàyé lè gùn, àwòrán lè rẹwà, apá tí wọ́n ń pè ní claims, níbi tí ẹ ti ń sọ ohun tó jẹ́ tiyín gan-an, ni sọ́fè ilẹ̀ yín. Bí ẹ bá kọ "spring" síbẹ̀, ẹni tó lo túbù ti bọ́. A kọ ọ́ pé ohunkóhun tó lè fà tó sì lè padà sípò. Lẹ́yìn náà la wá kọ spring sí claim kejì, kó lè jẹ́ pé bí adájọ́ bá wó ti òkè, ti ìsàlẹ̀ á ṣì dúró.

Wilbur àti Orville Wright, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ṣe ọkọ̀ òfuurufú, fọwọ́ ara wọn kọ ìwé pátẹ́ǹtì tiwọn ní 1903, ọ́fíìsì Amẹ́ríkà sì dá a padà. Wọ́n wá gba lọ́yà kan, Harry Toulmin, ní ìpínlẹ̀ Ohio, pátẹ́ǹtì sì jáde ní 1906. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú ọkọ̀ dúró déédéé lójú òfuurufú ni wọ́n dì mú. Apá ọkọ̀ tiwọn ló ń lọ́. Glenn Curtiss, tóun náà ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, fi pátákó pẹlẹbẹ kéékèèké tó ń dá yí sára tiẹ̀, síbẹ̀ kóòtù ní 1914 ní inú ààlà wọn ló wà.

Ẹ má gbé fídíò rẹ̀ sí status WhatsApp kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ o. Ohun tí aráyé ti rí kì í ṣe tuntun mọ́. Àfihàn àgbáyé tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni òfin wa yọ̀ǹda, oṣù mẹ́fà péré náà ni.

Àwọn tó ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ sì fẹ́ràn àtimáa sáré lọ sí Amẹ́ríkà. Ta ló ń bó ẹ̀gẹ́ níbẹ̀? Pátẹ́ǹtì Nàìjíríà parí sí bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń jẹ gàrí ní Kútọnu àti Lomé. Abẹ́ OAPI, ọ́fíìsì kan ní Yaoundé, ní Cameroon, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà jọ ń lò fún pátẹ́ǹtì, ni Benin àti Togo wà. Ìwé kan ṣoṣo níbẹ̀ kárí orílẹ̀-èdè 17, Nàìjíríà ò sì sí lára wọn. Oṣù 12 lẹ ní láti ọjọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀ nílé láti fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Ibẹ̀ la náwó wa sí. Owó ọdọọdún sì wà láti san o: bí ẹ bá jáwọ́ níbẹ̀, pátẹ́ǹtì yín á kú kí ọdún 20 rẹ̀ tó pé.