Ó kàn dùn létí ni

Ọjọ́rú. Òjò rọ̀, bọ́ọ̀sì pẹ́, iṣẹ́ lọ bó ṣe máa ń lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ló wọ̀ mí létí tí ò fẹ́ jáde. Òyìnbó kan níbi iṣẹ́ wa, ìyàwó ẹ̀ bí ọmọbìnrin, bàbá ọmọ wá ń fi fọ́tò hàn wá lórí fóònù. Ọmọ náà pupa fòò, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ju àtàǹpàkò mi lọ, rọ́bà ọsibítù wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n fi báírò kọ Matilda sí i. Mo ní kí ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ó wò mí bíi pé mo bi í léèrè iye tó wà ní báǹkì ẹ̀. Ó ní kò nítumọ̀ kankan, ó kàn dùn létí ni.

Ó kàn dùn létí ni! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ pé à ń wá orúkọ ọmọ nílé wa, ẹ mọ̀ pé kò yẹ kí n gbọ́ irú ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Mọ́mì mi ti fi orúkọ kún WhatsApp mi, àwọn ará ilé ọkọ náà ò sinmi, orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹjọ́ tiẹ̀. Àwa ń wo ilé ká tó sọmọ lórúkọ, ẹlòmíì ń fi etí nìkan yàn án.

Mo délé, mo wá a lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ Jámánì àtijọ́ ni Matilda, agbára àti ogun ni wọ́n so pọ̀. Ọmọ jòjòló yẹn, jagunjagun ni o! Matilda ọmọ Ọba Henry Kìíní ti Ẹ̀ńgláǹdì bá Stephen ìbátan ẹ̀ du adé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní 1142 wọ́n ká a mọ́ ilé olódi ní Oxford, wọ́n ní aṣọ funfun ló wọ̀ tó fi gba orí yìnyín sá lọ lóru tẹ́nì kan ò rí i. Ta ló ní orúkọ kì í ro ọmọ? Lọ́la màá sọ fún bàbá ọmọ, kó lè mọ̀ pé...

Àmọ́ ẹ dúró ná. Wọ́n ní àwọn ará Jámánì àtijọ́ yẹn náà, nígbà míì wọ́n á kàn gé díẹ̀ lára orúkọ bàbá, gé díẹ̀ lára tìyá, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, bó bá nítumọ̀ bí ò sì ní. Ti Róòmù tiẹ̀ burú jù, orúkọ ìdílé bàbá ni wọ́n ń fún ọmọbìnrin, gbogbo ọmọbìnrin ilé Julius, Julia ni, bí wọ́n bá wá pọ̀, wọ́n lè pe ọ̀kan ní Tertia, Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta lásán! Cecilia táwọn ìyá ìjọ Àgùdà ń jẹ́ yẹn ńkọ́, inú ọ̀rọ̀ Látìn tó ń jẹ́ afọ́jú ni wọ́n ti fà á yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Àǹtí wa gbọ́ o.

Ìgbà tí mo dé orí Dolores àwọn ará Sípéènì, ìrora, ìrora Màríà ìyá Jésù ni wọ́n fi ń rántí, mo pa fóònù dé. Ta ló fẹ́ sọmọ ní Ìrora? Àmọ́ àwa náà ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún, a ń jẹ́ Kòsọ́kọ́...

Kò yé mi mọ́. Ó lè jẹ́ pé bàbá yẹn gan-an ló sinmi, kò sẹ́bí kankan tó ń bá a jà pé tèmi ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú. Mo ti ń pè é lẹ́nu látàárọ̀, Matilda, Matilda, ó sì dùn lóòótọ́, èyí ló ń bí mi nínú jù.

Ọkọ mi ní kí n wá jẹun. Ó ní Mọ́mì òun pè, pé wọ́n tún ti rí òmíràn.