Ọmọ ọdún kejì licence náà lè ṣe ìwádìí

Bí àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò bá ti yunifásítì Calavi dé sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) fún ìsinmi, wọ́n a máa yà kí mi nílé. Ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn máa ń bi mí: "Màdáámù, ṣé ẹni tó wà ní ọdún kejì licence lè ṣe ìwádìí, àbí ó dìgbà tó bá dé master?"

Ó lè ṣe é. Licence ni oyè ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní yunifásítì wa, master ló tẹ̀ lé e. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹni tí kò lè dé ọ̀dọ̀ mi náà rí i kà.

Wọ́n ti sọ ìwádìí di oyè tí àgbà nìkan ń jẹ. Ọmọ á gba ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́ta, á dá ohun tí wọ́n kọ́ ọ padà sórí ìwé ìdánwò, kò sì ní sí ẹni tó máa bi í pé kí ni òun fúnra rẹ̀ fẹ́ mọ̀. Ó máa ń dùn mí, torí mo mọ orí tó wà lára àwọn ọmọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká mú ayò. Ní Kétu tí wọ́n bí mi sí, àwọn bàbá a máa ta á lábẹ́ igi láti ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit, Amsterdam, so ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀, wọ́n sì yanjú ẹ̀yà ayò kan tí wọ́n ń pè ní Awari. Ipò 889,063,398,406 ni wọ́n yẹ̀ wò. Ibi tó já sí ni pé bí ọ̀ta méjì bá jókòó tì í, tí ẹnikẹ́ni ò ṣì í ta, ọ̀mì ni. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì ń kan sáárá sí wọn. Àmọ́ ó ká mi lára pé ọpọ́n wà ní àgbàlá wa, kò sì sí ẹni tó sọ fún wa nílé ẹ̀kọ́ pé ìṣirò wà nínú rẹ̀.

Ọmọ licence ò ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, kò sì nílò rẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Ká ní ọmọ ayò méjì péré ló kù lórí ọpọ́n, ọ̀nà mélòó ni wọ́n lè gbà wà níbẹ̀? Bí wọ́n bá jọ wà nínú ihò kan, ọ̀nà 12 ni. Bí wọ́n bá wà ní ihò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, 66. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 78. Bó bá ku mẹ́ta, ó di 364. Bó bá ku mẹ́rin, 1,365. Bírò àti ìwé ti tó fún èyí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìbéèrè gidi ń bẹ̀rẹ̀: nínú 78 yẹn, èwo ni ẹni tí títa kàn máa rí jẹ? Èwo ni ọmọ ayò á kàn máa yí ọpọ́n po, tí ẹnikẹ́ni ò ní rí nǹkan jẹ? Bí a bá wá fi òfin tí wọ́n ń lò ní Ṣábẹ̀ẹ́ rọ́pò ti Awari ńkọ́?

Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ti gbé iṣẹ́ yìí dání. Ó lọ jókòó ti bàbá àgbà rẹ̀, ó ń kọ òfin ayò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá náà sì sọ òfin kan fún un tí kò sí nínú gbogbo ohun tó ti kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fi Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ ètò kékeré kan tó ń yẹ ipò kọ̀ọ̀kan wò. Ìwádìí nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kì í ṣe òun.

Ní ti ibi tí ẹ lè lọ, Dangbo ló sún mọ́ wa jù. IMSP wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 lábẹ́ yunifásítì Abomey-Calavi. Ó ní àjọṣe pẹ̀lú ICTP, ilé ìwádìí físíìsì ní Trieste, èyí tí Abdus Salam dá sílẹ̀ ní Ítálì ní 1964 kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti ìlú bíi tiwa má bàa dá wà. Ẹ wá ẹni tó ń ṣe doctorat níbẹ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn ní séminaire wọn, ìpàdé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí ìwádìí. Ẹ lè má gbọ́ ju díẹ̀ lọ. Ẹ kọ ohun tí kò yé yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá a lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka bàólójì tàbí kẹ́místírì, Songhai, ibùdó iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Àjàṣẹ́ níbí láti 1985. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti gáàsì tí wọ́n ń rí láti inú ìgbẹ́ ẹran wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ní ìbéèrè.

Ti òkè òkun, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí wọ́n ṣe é fún. REU, ètò ìwádìí fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ọmọ ìlú wọn àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú ló wà fún jù lọ. RISE, irú ètò bẹ́ẹ̀ ní Jámánì, kò sí fún ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Ẹ má fi àkókò ṣòfò síbẹ̀. Àmọ́ CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Geneva, ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè gbogbo fún ètò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, bí ẹ bá ti parí ọdún mẹ́ta ní yunifásítì. KAUST, yunifásítì kan ní Saudi Arabia, náà ń gba akẹ́kọ̀ọ́ fún ìwádìí láti ọdún kẹta lọ. AIMS, ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 2003, ti wà ní Gánà àti Sẹ̀nẹ̀gà báyìí. Master ni tiwọn, nítorí náà ẹ̀yìn licence ló kàn yín. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní púpọ̀ nínú ibi wọ̀nyí. Ẹ tètè máa kọ́ ọ.

Lẹ́tà tí olùkọ́ fi ń jẹ́rìí ọmọ ló máa ń di wàhálà jù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ló ń kún amphi (gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́), olùkọ́ ò lè mọ̀ yín lójú. Ẹ mú iṣẹ́ tí ẹ ti kọ tọ̀ ọ́ lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ ojú ewé mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè ibi tó dí yín. Ẹni tí ẹ ti bá ṣe bẹ́ẹ̀ láti oṣù kọkànlá á rí ohun pàtó sọ nípa yín nígbà tí CERN bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn, èyí tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù kìíní. Ẹ má sì gbàgbé ìwé ìrìnnà; ẹ lọ ṣe é kí wọ́n tó gbà yín.