Ẹ béèrè ẹni tí yóò wà lẹ́yìn: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí àpáta Ògìdì

Ẹ̀yin ará Ìjùmú, Yàgbà, Owé àti Bùnú tí ẹ ń bá ẹgbẹ́ lọ gun òkè, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ẹni tí yóò wà lẹ́yìn. Gbogbo wa la máa ń béèrè ẹni tí yóò ṣíwájú. Ẹni ẹ̀yìn ni kí ẹ béèrè.

Òkè Pàtí ní Lọ́kọ́ja ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi bẹ̀rẹ̀. Ó ga ju mítà 450 lọ, ṣùgbọ́n mọ́tò ń dé orí rẹ̀. Èèyàn á wo ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, á ya fọ́tò nídìí ilé Lugard, á sọ̀ kalẹ̀. Ti Ògìdì ní Ìjùmú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àpáta gbalasa ni, kò sí igi tí a lè dì mú.

Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá bá ẹni tó ń mú wa lọ ṣíwájú. Èmi àti ìyá kan la wà lẹ́yìn. Bí a bá ṣe ń bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sinmi ni wọ́n ń dìde. Ẹni tó ti sinmi ló tún ń lọ, ẹni tó rẹ̀ kò rí àyè jókòó. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé à bá ti yára o! Láti kékeré ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ oko.

Òjò dé lọ́sàn-án, a ò sì rí wọn mọ́. Àwọn ìlà dúdú ara àpáta, tí a tẹ̀ kọjá láìbẹ̀rù nígbà tó gbẹ, wá ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ojú ọ̀nà omi ni wọ́n, ewédò ló hù síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá náà yọ̀, ó jókòó lulẹ̀, ó ń yọ̀ lọ, mo rá aṣọ rẹ̀ mú. A ò lè gòkè, a ò lè sọ̀. Mànàmáná kọ, n kò tíì ka méje tí ààrá fi sán. Ìró ààrá máa ń gba bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta láti rin kìlómítà kan, nítorí náà ó ti sún mọ́ wa gan-an, àwa la sì ga jù lórí àpáta yẹn. Kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ìyá náà ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pè wọ́n bí ẹni tó ń dágbére. Mo ṣì ń gbọ́ ọ lóru.

Bàbá ọdẹ kan tó ń bọ̀ láti oko ló gbọ́ wa. “Ọ̀kún o! Ẹ má dìde, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ fìdí wọ́, ẹ yà fún ibi dúdú.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe sọ̀ kalẹ̀. Abẹ́ páànù la bá àwọn yòókù, wọ́n ń jẹun. Wọ́n ní àwọn rò pé a ti padà sílé.

Ẹ mú fèrè dání: ẹ fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ dákẹ́, ẹ tún fọn ọ́n. Nígbà òjò, ẹ tètè jí lọ, kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Bí ààrá bá sán kí ẹ tó ka ọgbọ̀n lẹ́yìn mànàmáná, ẹ kúrò lórí àpáta. Ẹ ka ara yín níbi ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Ká ní wọ́n kà wá ni, wọn ì bá mọ̀ pé a ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnìkan tó mọ ọ̀nà wà lẹ́yìn wa, fèrè gan-an ì bá má pọn dandan. Ẹni tó ń rọra rìn ni kí gbogbo ẹgbẹ́ máa bá rìn.

Ìyá náà ní òun ò lọ mọ́. Èmi yóò lọ nígbà ọyẹ́, tí àpáta bá gbẹ. Mo ti sọ fún àwọn tí a jọ ń lọ pé bí wọn ò bá tíì rí ẹni ẹ̀yìn, kí wọ́n má wulẹ̀ wá kàn mí nílé.