Ajá mi ò dọ̀tí, ara ló ń yún un

Obìnrin kan dá mi dúró ní páàkì níbí, ní Ìlú Ọba, lọ́jọ́ Sátidé. Ó wo ikùn ajá mi tó pọ́n, ó wo abẹ́ apá rẹ̀ níbi tí irun ti re, ó ní kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kí irú wa máa sin ajá. Irú wa! Ó ní òun á fẹjọ́ mi sùn. Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo fa okùn ajá mi, a bá tiwa lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Tanímọ̀la lorúkọ ajá mi, Labrador ni. Yorùbá ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bí mo bá ní kí àwọn ọmọ mi jókòó, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi bi mí pé kí ló dé. Tanímọ̀la á ti jókòó ní tirẹ̀.

Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lá, títí irun ibẹ̀ fi pupa. Ó kan etí, ó ń gbọn orí ṣáá, ó wá kan abẹ́ apá àti ikùn. Ibi tí àìsàn ara yíyún yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní atopic dermatitis, máa ń mú gan-an nìyẹn, láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́ta ló sì sábà máa ń yọjú lára ajá. Àìwẹ̀ kọ́ ló ń fà á.

Eégbọn, èyí tó ń fò (flea), ni dókítà ẹranko kọ́kọ́ wá. Bí ara ajá bá kọ itọ́ eégbọn, kí ẹyọ kan ṣoṣo bù ú jẹ ti tó láti mú un họ ara fún ọjọ́ mélòó kan. Kò sí eégbọn. Ó wá kan oúnjẹ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé gbára lé fún ìyẹn. Oúnjẹ kan ṣoṣo ni ajá yóò máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, èyí tí wọ́n ti gé èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ wẹ́wẹ́ débi pé ara ajá kò ní dá a mọ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ ẹran màlúù, adìẹ, wàrà tàbí bísíkíìtì, kò gbọdọ̀ jẹ nǹkankan mìíràn rárá.

Àárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni Màmá dé láti Ìbàdàn. “Ajá tí kì í jẹ egungun! Kí lo fi ṣe é?” Mo ṣàlàyé, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tó yá, mo rí i pé Tanímọ̀la kò kúrò lábẹ́ àga Màmá mọ́. Ẹran ọbẹ̀ ni wọ́n ń jù sí i! A tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ yẹn, nítorí ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Nígbà tí Màmá gbọ́ ìyẹn, inú wọn bàjẹ́ gidigidi. Láti ọjọ́ náà, àwọn gan-an ló ń ṣọ́ abọ́ ajá, àlejò kankan kò lè já búrẹ́dì sílẹ̀ níṣojú wọn.

Wọ́n tún ní kí n fi ọṣẹ dúdú àti àdín wẹ̀ ẹ́. Ọṣẹ dúdú ni mo fi ń wẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n ara tó ti bó ni tirẹ̀, yóò ta á. Ẹ má fi ìpara tiyín náà pa ajá lára. Ó máa lá a, àwọn tó ní zinc nínú sì jẹ́ májèlé fún un. Òróró tea tree burú fún un bákan náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, ó ṣì ń họ ara. Ó wá jọ pé eruku ilé ni, àti àwọn kòkòrò tíntìntín inú rẹ̀ tí ojú kò lè rí. Abẹ́ igi máńgòrò ni Bingo bàbá mi ń sùn. Níbí, kápẹ́ẹ̀tì ló bo ilẹ̀ kan ògiri, gbogbo fèrèsé sì ni a ń tì pa nígbà òtútù.

Oṣù Kìíní ló le jù. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé. Lóru, màá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lu ilẹ̀ bó ti ń họ ara. Màá jókòó tì í nílẹ̀, màá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kó má baà fa ara rẹ̀ ya. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ òru, àwọn ọmọ ti sùn. Nílé wa, bí nǹkan bá ń ṣe èèyàn lóru, ẹnìkan á kanlẹ̀kùn pé ṣé kò sí? Lórí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú bàbá mi, nítorí ìwé mi kò tíì jáde. Ọ̀pọ̀ òru wọ̀nyẹn, àwọn ni mo ń sunkún wọn, ajá náà sì gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní owó oògùn yẹn ì bá san owó ilé ìwé ọmọ. Mo ń san owó ilé ìwé ọmọ wọn náà. Òfin ọdún 2006 níbí ní kí ẹni tó ni ẹranko dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìrora, òfin yẹn ni obìnrin páàkì yẹn fi ń dẹ́rù bà mí, èmi tí mo ń tẹ̀lé e láàjìn òru.

Ní báyìí, abẹ́rẹ́ Cytopoint ni wọ́n ń gún un, ó máa ń mú ara rọ̀ ọ́ fún bí oṣù kan. Mo ń fi ọṣẹ olómi tó ní chlorhexidine, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, wẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó ṣàn án kúrò. Omi tó gbóná tó 60°C ni mo fi ń fọ aṣọ ibùsùn rẹ̀. Dókítà ní àìsàn yìí kì í tán, a kàn máa ń ká a lọ́wọ́ kò ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ po abẹ́rẹ́ mìíràn fún un láti ara ohun tí ara rẹ̀ kọ̀ gan-an, kí ara lè mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀. Ó lè tó ọdún kan kí a tó mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, ó sì lè má ṣiṣẹ́. A ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, màá sì máa san owó rẹ̀ títí a ó fi mọ̀.