Ohun tí èèpo kọ́ọ̀kì fi kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ igbó àti igi, bí wọ́n bá gbé èèpo kọ́ọ̀kì, ìyẹn èèpo igi óákù kan tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí igo, síwájú yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí bí ó ṣe nípọn tó tàn yín jẹ. Lóòótọ́, ìnípọn ní àyè tirẹ̀. Ìdérí igo wáìnì fẹ̀ tó nǹkan bí 24 mìlímítà, òòró ni wọ́n sì ń lù ú jáde lára èèpo, bí igi ṣe dúró, nítorí náà èyí tí kò bá nípọn tó 27 mìlímítà kò bá a mu. Ṣùgbọ́n ihò tóótòòtó tí èèpo fi ń mí ni ó ń pinnu iye tí yóò pa lọ́jà. Láti inú sí ìta ni ihò wọ̀nyí ń là, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dábùú ìdérí náà, tí wáìnì kì í fi í gba inú wọn jò. Èèpo tí ihò rẹ̀ bá pọ̀ jù, bó ti wù kó nípọn tó, lílọ̀ ni wọn yóò lọ̀ ọ́.

Ní gúúsù Pọ́túgàl, ní Alentejo, ni ẹ ti lè rí iṣẹ́ yìí dáadáa, nítorí pé Pọ́túgàl nìkan ni ó ń pèsè nǹkan bí ìdajì kọ́ọ̀kì àgbáyé. Igi óákù náà a máa tó nǹkan bí ọdún 25 kí wọ́n tó bó o nígbà àkọ́kọ́. Èèpo àkọ́kọ́ rí págunpàgun, ti ẹ̀ẹ̀kejì kò tíì dán tó. Láti orí ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n ti ń rí ojúlówó ìdérí igo. Ó kéré tán, ọdún 9 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìbó kan sí èkejì, wọ́n sì máa ń fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ọdún tí wọ́n bó o sí ara igi: 4 fún 2024.

Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé ẹ̀gbẹ́ èèpo ọdún 9, kí ẹ sì ka òrùka ọdọọdún rẹ̀. Mẹ́jọ ni ẹ óò rí tí ó pé, nítorí pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn lọ́hùn-ún ni wọ́n ń bó o, ọdún àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn kò sì pé. Ọdún tí ọ̀dá dá ni òrùka tirẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ má ṣe kà á sí àbùkù.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ aláàáké. Láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ, nígbà tí igi ń dàgbà, èèpo a máa ṣí wọ́ọ́rọ́. Bí àáké bá wọ ara tí ó ń hu èèpo, ojú ibẹ̀ kì í sábà mú ojúlówó kọ́ọ̀kì jáde mọ́. Nítorí náà, bí èèpo bá lẹ̀ mọ́ igi, ẹ fi í sílẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀.