Owó Àdúgbò: Ọwọ́ Kẹta Ni Kí A Wò

Nígbàkúùgbà tí mo bá kà nípa owó àdúgbò, ìyẹn owó tí àwọn ará ìlú kan fi ń ra ọjà láàárín ara wọn, tí wọn kì í ná lẹ́yìn odi ìlú náà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wá ni ibi tí ọlọ́jà tó gbà á lọ́wọ́ oníbàárà yóò ti ná an: ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ ọlọ́jà náà ni mo ń pè ní ọwọ́ kẹta.

Wörgl ní ilẹ̀ Austríà ni mo fi ń wòye ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1932, iṣẹ́ ti wọ́n, owó ìjọba kò sì yí mọ́ nítorí pé ẹni tó rí i ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ni. Olórí ìlú náà, Michael Unterguggenberger, wá gbé ìwé owó jáde, ó sì fi ń san owó fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Ní oṣooṣù, ẹni tí owó náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ra sítáǹbù tí iye rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye owó náà, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kó má bàa dín níye. Ta ni yóò wá fẹ́ kó sùn sápò òun? Àwọn kan tilẹ̀ fi san owó orí tí wọ́n ti jẹ ìlú tipẹ́, ìlú sì tún fi gbéṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Báńkì àpapọ̀ Austríà ló fòpin sí i ní 1933.

Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2012. Àwọn ènìyàn lè fi san owó orí fún ìgbìmọ̀ ìlú, síbẹ̀ kò ju 2021 lọ. Lójú tèmi, ìfẹ́ ìlú nìkan kò lè gbé irú owó bẹ́ẹ̀ ró, nítorí pé ọlọ́jà tí ọjà rẹ̀ ń ti ọ̀nà jíjìn wá kò ní ẹni tí yóò fi san án fún.

Èyí ni mo ṣe fẹ́ràn ètò Chiemgauer, tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní 2003. Oníṣòwò tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí yúrò ń pàdánù ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, apá kan nínú rẹ̀ sì ń lọ sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Ìyẹn kì í ṣe owó púpọ̀, àmọ́ ó tó láti mú kí oníṣòwò kọ́kọ́ béèrè bóyá aládùúgbò òun kan ń ta ohun tí òun fẹ́ lọ rà lókèèrè.